Ẹ Fi Òpó Iná Sílẹ̀, Ẹ Wọ Igbó
Ẹni tó bá ti pa geocaching tì fún ọdún mélòó kan, tó wá fẹ́ padà sídìí eré fífi GPS wá ohun ìpamọ́ yìí, kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òpó iná ìgboro. Agolo tí kò ju orí ìka lọ ni wọ́n ń há síbẹ̀ báyìí, bébà tínńrín téèyàn ó fọwọ́ sí nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Bí eré yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, gẹ́rẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣíwọ́ mímọ̀ọ́mọ̀ da àmì GPS rú mọ́ ará ìlú lójú, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní Oregon. Ìwé, fídíò, owó, kànnàkànnà, àti ẹ̀wà inú agolo ló kó sí i. Ẹ̀wà, ẹ gbọ́! Ó ní kí ẹni tó bá rí i mú nǹkan, kó sì fi nǹkan sílẹ̀. Lóòótọ́, fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ GPS olówó gọbọi, àpò wa sì sinmi. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi ńláńlá, ọfà ojú fóònù a máa ṣe ségesège, ojú ara ẹni ló kù: ẹ wá ibi tí igi gbígbẹ ti tò létòlétò ju bí afẹ́fẹ́ ti í tò ó lọ. Adùn rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n rí ohun ìpamọ́ náà kẹ́yìn o. Òmíì ti bá àgbàrá lọ, òmíì sì wà tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá.