Kí Ọmọ Rí Ohun Tó Máa Kọ

Bí wọ́n bá ní kí ọmọ pírámárì kejì kọ nǹkan nílé ẹ̀kọ́ wa, ní Basin tàbí níbikíbi nílùú Ìlọrin, ohun tí wọ́n sábà ń wí ni pé kó wo pátákó, kó da ohun tí tíṣà kọ síbẹ̀ kọ. Lẹ́tà rẹ̀ á gún régé. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó kọ gbólóhùn kan péré tó jẹ́ tirẹ̀, á kàn máa jẹ ìdí pẹ́ńsùlù ni.

Mi ò bá wíwò-kọ jà. Ọjọ́ pẹ́ tọ́mọ Ìlọrin ti ń kọ wàláà nílé kéwú, tí àfáà ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ Kùránì ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá kankan ò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún. Àròkọ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń wù ú sọ, ìwé alááwòrán sì lè fún un.

Ẹ wo Baby Goes to Market, tí Atinuke, tí wọ́n bí n'Ìbàdàn, kọ, tí Angela Brooksbank ya àwòrán rẹ̀. Ìyá pọn ọmọ lọ sọ́jà. Àwọn ọlọ́jà ń fún ọmọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà, ọsàn márùn-ún, àgbàdo, àgbọn. Ọmọ á jẹ ẹyọ kan, á sọ ìyókù sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lórí ìyá rẹ̀. Ìyá ò mọ̀. Ọmọ tó ń wo àwòrán mọ̀, kò sì ní lè pa á mọ́ra. Kí tíṣà fi bébà bo ọ̀rọ̀ ojú ìwé, kó wá bi wọ́n pé: "Kí lẹ rí? Kí ni ìyá ò rí? Kí ló máa wí tó bá sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀?" Ariwo á sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ. Lẹ́yìn náà, kí kálukú kọ ohun tí ìyá wí. Ẹni tí ò lè kọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, kó ya àwòrán tirẹ̀, kó kọ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá fi àmì sórí "ọ̀gẹ̀dẹ̀", kí tíṣà má tíì fa igi pupa lé e. Kó kọ́kọ́ kà á sókè, kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu àgbà. Àtúnṣe lè dọ̀la.

Èdè wo ni kí wọ́n fi kọ ọ́? Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé ni. Ó dùn mí pé lóṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní ká máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ pírámárì. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò n'Ílé-Ifẹ̀, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti owó, ìwé kan tó kíláàsì kan bí tíṣà bá gbé e sókè. African Storybook kó ìtàn alááwòrán sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ti Yorùbá wà níbẹ̀. Àwọn tíṣà ìjọba ní Kwara sì ti ní tábúlẹ́ẹ̀tì ètò ẹ̀kọ́ KwaraLEARN lọ́wọ́ báyìí. Mo bẹ ẹ̀yin aláṣẹ SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ pírámárì ní ìpínlẹ̀ wa, ẹ fi ìtàn mẹ́wàá sínú tábúlẹ́ẹ̀tì náà, kẹ́ ẹ sì yọ̀ǹda ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ tí tíṣà kankan ò ní kọ nǹkan sí pátákó.