Omi Kò Lọ́tàá, Ṣùgbọ́n Ìwé Àyẹ̀wò Dà?

Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni. Omi la fi ń wẹ̀, òun la fi ń sè, òun náà la sì ń mu. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa pé omi kò lè bá ènìyàn ṣọ̀tá. Ìdí nìyí tí mo fi ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ, ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ̀yin ará etí òkun àti ẹ̀yin ará etí ọ̀sà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mú wá: ìwé àyẹ̀wò omi tí ẹ ń mu dà?

Oríṣi májèlé kan wà tí òyìnbó ń pè ní ásẹ́níìkì. Inú òkúta àti inú ilẹ̀ ló wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n ti fi ṣe oògùn apakòkòrò rí, wọ́n sì ń fi ṣe oògùn tí wọ́n ń rẹ sí igi kí ikán má baà jẹ ẹ́. Bí ó bá yọ́ sínú omi, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò dùn, kò korò. Omi náà á mọ́ gaara. Ẹ ó bù ú fún àlejò, àlejò á sì dúpẹ́. Bí ẹ bá ní ẹ ó sè é kí ẹ tó mu ún, asán ni. Iná a máa pa kòkòrò àìsàn inú omi, ṣùgbọ́n kò lè pa ásẹ́níìkì. Omi ni yóò fà nínú ìkòkò, májèlé á kù sílẹ̀, omi tó ṣẹ́kù á sì lóró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá gbé e mì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni yóò bá a, ó sì lè pa á. Ìyẹn kò ṣòroó rí. Èyí tó burú ni ti díẹ̀díẹ̀. Ènìyàn lè máa mu ún fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ohunkóhun tó hàn. Lẹ́yìn náà, awọ ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì dúdú káàkiri, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á máa le, wọ́n á sì máa ta kókó. Bí ọdún bá ti pẹ́, jẹjẹrẹ lè mú awọ ara, àpò ìtọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè ṣe ọmọ inú ní jàm̀bá, ó sì lè dí òye ọmọdé lọ́wọ́.

Ẹ wá bi ara yín: bí irú nǹkan báyìí bá yọ lára ìyá kan ní abúlé wa, kí la ó wí? Ṣé a ó ní omi ni? Ó tì o! Àwọn kan á ní ẹ̀tẹ̀ ni, wọn ò ní bá a jẹun mọ́. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ṣe é, wọ́n á máa wo orogún rẹ̀ tìfura-tìfura. Bẹ́ẹ̀, àrùn yìí kì í ràn. Kò sí ẹni tó lè kó o lára ẹnìkejì rẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Bangladesh. Omi odò àti omi adágún ni wọ́n ń mu níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru sì ń pa àwọn ọmọ wọn. Láti bí ọdún 1970 síwájú, ìjọba wọn àti àjọ UNICEF gbẹ́ kànga onípáìpù káàkiri. Inú gbogbo ayé dùn. Ṣùgbọ́n wọn kò yẹ omi náà wò bóyá ásẹ́níìkì wà nínú rẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n tó rí i. Ní ọdún 2000, ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé e jáde pé nínú 125 mílíọ̀nù ènìyàn tó wà nílẹ̀ náà, ó tó 35 mílíọ̀nù sí 77 mílíọ̀nù tó wà nínú ewu. Àwọn aláìsàn di ẹni à ń sá fún. Ọkọ kọ aya, ọmọge kò rí ọkọ fẹ́. Ẹni tó gbẹ́ kànga kì í ṣe ọ̀tá wọn o. Olóore ni. Àìyẹ̀wò ló sọ oore di ibi.

Bí ẹ bá ní Bangladesh jìnnà, Burkina Faso ńkọ́? Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ gbé e jáde pé ásẹ́níìkì wà nínú omi kànga ẹ̀rọ kan lágbègbè Ouahigouya. Bí ẹ bá ní ìyẹn náà jìnnà, Zamfara ńkọ́? Ní ọdún 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400 níbẹ̀. Òjé yàtọ̀ sí ásẹ́níìkì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n nínú ìwà: àwọn méjèèjì kì í pariwo kí wọ́n tó wọlé.

Ní ti wa níhìn-ín, ilẹ̀ yanrìn la wà. Ohun tí a bá dà sílẹ̀ kì í pẹ́ dénú omi. Lókè wa ni ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Agbára, tí omi ìdọ̀tí wọn ń ṣàn wọ ọ̀sà Ológè, ọ̀sà náà sì ń bá tiwa pàdé. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wọn irin olóró nínú omi àti ẹja ọ̀sà yìí. Èmi kò sọ pé ásẹ́níìkì wà nínú kànga yín o. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá gbẹ́ kànga fún aráàlú, ó yẹ kó lè fi ìwé hàn wọ́n.

Mo lọ síbi tí òṣèlú kan ti ń ṣí kànga ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní bóòhóòlù. Ìlù ń dún, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé àyẹ̀wò." Ọ̀gbẹ́ni náà bu omi sí ife, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní, "Bàbá, ṣé omi tó mọ́ tó báyìí tún ń fẹ́ ìwé?" Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú lásán kọ́ la fi ń mọ májèlé!

Àwọn kan á ní, "Kànga làwọn baba wa mu, wọ́n sì dàgbà dárúgbó." Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kànga baba yín kò jìn. Páìpù ti òní ń lọ síbi tí ọkọ́ baba yín kò dé. Ní Bangladesh gan-an, ọ̀pọ̀ kànga àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni májèlé inú wọn kò tó ti onípáìpù.

Àwọn kan á tún ní àyẹ̀wò ti ń wọ́n jù. Ṣé ó wọ́n ju rìbọ́ọ̀nù, kánópì àti onílù lọ ni? Òfin kò sì ṣàìsí. Láti ọdún 2007 ni ìlànà omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà ti sọ pé ásẹ́níìkì kò gbọdọ̀ ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Ẹ mọ bí ìyẹn ti kéré tó? Gíráàmù kan péré, tí kò tó ìdajì kóró ṣúgà onígun kan, ti tó láti mú omi tanka mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 10,000, dé ojú ààlà náà. Ojú ta ló lè rí ìyẹn nínú ife?

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ọ̀rọ̀ mi sá fún ẹja o. Ẹja òkun ní ásẹ́níìkì tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n irú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ara ní jàm̀bá. Ẹ̀yin ìyá tó ń yan ẹja, igi ìdáná ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ má fi òpó iná tó ti wó tàbí pákó tí wọ́n ti rẹ lóògùn dáná. Bí oògùn náà bá ní ásẹ́níìkì nínú, ó ń bẹ nínú èéfín, ó ń bẹ nínú eérú.

Nítorí náà, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin olórí ọ̀dọ́, nígbà tí wọ́n bá tún gbé páìpù dé, kí ẹ tó lù ìlù, ẹ béèrè ìwé. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kànga, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé. Bí ọdún bá yí, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Kànga tí kò bá sì níwèé, ẹ fi fọṣọ, ẹ fi fọ ọkọ̀, ẹ má fún ọmọ mu. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ irú omi tí à ń dà.