Ẹni Karùn-ún Ni Wọ́n Fi Ń Gba Ife Náà

Ní àárọ̀ Sátidé, kí àwọn awakọ̀ dánfó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo Mile 2 àti Agboju, àwọn ọ̀dọ́ Festac máa ń sáré ní 2nd Avenue. Èmi náà máa ń rìn lẹ́yìn wọn, nítorí láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ ni dókítà ti ní kí n máa rìn. Agbábọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, mo bi ọ̀kan tí eré kì í tètè rẹ̀ léèrè pé ṣé kò lè fi eré ọ̀nà jíjìn wá àyè ní yunifásítì Amẹ́ríkà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ àwọn ará Kẹ́ńyà nìyẹn."

Ìdáhùn yìí ni mo fẹ́ bá jiyàn lónìí.

Ìdíje tí mo ní lọ́kàn ni kúrọ́ọ̀sì-kọ́ńtírì àwọn ọkùnrin ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí àjọ NCAA ń ṣètò. Ọdún 1938 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Michigan State ní East Lansing, Indiana ni ó sì gba ife. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sá a títí di 1964, àfi ọdún 1943 tí ogun kò jẹ́ kí ó wáyé. Máìlì mẹ́rin ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó di mẹ́fà ní 1965, ó sì di kìlómítà 10 ní 1976. Inú òtútù oṣù kọkànlá ni wọ́n sábà máa ń sá a, lórí koríko, nínú ẹrẹ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka máàkì ni ó wù mí jù. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan a máa kó ènìyàn méje wá. Ẹni tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní gba máàkì 1, ẹni tí ó ṣe ipò ogójì gba 40. Wọn a ro ti àwọn márùn-ún tí ó kọ́kọ́ dé láti ilé ìwé náà pọ̀, èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ bá sì kéré jù ni ó gba ife. Bí ilé ìwé kan bá ní akọni kan ṣoṣo tí ó fi gbogbo ayé sílẹ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí ẹni karùn-ún rẹ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ ní ipò igba, òfo ni. Orúkọ ẹni karùn-ún yìí kì í jáde nínú ìwé ìròyìn. Mo mọ̀, nítorí pé àwa ni a kì í kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 1977. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n ṣe àjọ̀dún FESTAC, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ àwọn ilé tí a ń gbé yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ní ìlú Spokane, Henry Rono ọmọ Kẹ́ńyà, akẹ́kọ̀ọ́ Washington State, gba ipò kìn-ín-ní nínú ìje yìí fún ìgbà kejì. Ó tún gbà á ní 1979. Láàárín méjèèjì, ní 1978, ó fi àmì tuntun mẹ́rin lélẹ̀ ní àgbáyé láàárín ọjọ́ 81. Yunifásítì Texas ní El Paso, UTEP, ni ó kó ọ̀pọ̀ ife nígbà náà: méje, láti 1969 dé 1981, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá eré fún un sì wá láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Máàkì 17 péré ni wọ́n fi gbà á ní 1981, bẹ́ẹ̀ 15 ni èyí tí ó kéré jù tí ẹnikẹ́ni lè ní.

UTEP yìí kan náà ni Olapade Adeniken ọmọ Òṣogbo lọ, ẹni tí ó wà lára àwọn tí ó gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona ní 1992. Ibẹ̀ ni Blessing Okagbare lọ. Ibẹ̀ ni Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ kí ó tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 fo ọgbà borí gbogbo ayé ní 2022. Ilé ìwé kan náà gba àwọn tí ń sáré gun òkè, ó sì gba tiwa, àwọn asáré kúkúrú. Títí di òní, kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú kúrọ́ọ̀sì-kọ́ńtírì yẹn.

Ẹnìkan yóò ní ẹ̀jẹ̀ ni. N kò gbà. Graham Blanks tí ó gbà á fún Harvard ní 2023 àti 2024, ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia ni. Òótọ́ ni pé gbígbé lórí òkè gíga ń ran àwọn ará Kẹ́ńyà lọ́wọ́, àwọn asáré ọ̀nà jíjìn tiwa pàápàá, apá Jos ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, orí àbàtà sì ni Festac wà. Ṣùgbọ́n a kò tí ì gbìyànjú rẹ̀ kí á tó sọ pé a kò lè ṣe é. Ohun tí a ń fi han ọmọ nínú eré ìdárayá ilé ìwé ni mítà 100, mítà 200, ìje ọ̀pá, àti máàṣì-páàsì tí àwọn òbí ń rán aṣọ fún. Ẹni tí kò bá yára bí àṣá, ìjókòó ni tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni nígbà tí mo wà ní ilé ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú eré ìdárayá, gbogbo wa ni a ń sá kúrọ́ọ̀sì-kọ́ńtírì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dé kí aago tó lù mú máàkì wá fún ilé rẹ̀. N kò wọ ọgbọ̀n àkọ́kọ́ rí láyé mi, síbẹ̀ wọ́n ka tèmi. Ilé ìwé náà ti pa á tì. Ilẹ̀ ìṣeré ń dín kù ní Festac, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti gba ọ̀pọ̀ àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìlú yìí, ṣùgbọ́n eré yìí kò béèrè pápá. Ó béèrè ọ̀nà tí a dá ọkọ̀ dúró lórí rẹ̀ fún wákàtí kan, omi mímu, àti ẹni tí yóò ka ipò.

N kò sọ pé owó wà níbẹ̀. Kẹ́ńyà kò lọ sí Òlíḿpíìkì ní 1976 àti 1980, nítorí náà Rono kò sá a rí. Ọtí bá a jà, ó di aláìnílé ní Amẹ́ríkà, ó sì kú ní oṣù kejì ọdún 2024. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé ìwé ẹ̀rí ni kí ọmọ lépa, kí ẹsẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ tí yóò gbé e débẹ̀.

Mo ti bá olùkọ́ eré ìdárayá méjì sọ̀rọ̀ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin níbí, pé kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan mú ọmọ méje wá sá kìlómítà márùn-ún ní òwúrọ̀ Sátidé kan, kí a sì ka márùn-ún. Ọ̀kan bi mí pé ta ni yóò san owó omi. Èkejì ní kí n mú ọjọ́ wá.