Tòmátì Kò Lè Dúró De Bodè

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Èkó sí Kútọnu, òfin wà lẹ́yìn yín. Ẹ dìde, ká lò ó.

Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó bodè lórí ohun ọ̀gbìn àti ohun ọ̀sìn ilẹ̀ wa níbí, tí ẹ̀rọ kò tíì fọwọ́ kàn. Tòmátì, ata, iṣu, àgbàdo, ọ̀pẹ̀yìnbó, títí kan ewúrẹ́. Kódà, òfin kò ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti wá dání.

Síbẹ̀, ẹ wo ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ti kọjá bodè tán, wọ́n tún dá a dúró níwájú, wọ́n tún dá a dúró lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gúnjẹ ló sì ń ṣí ọ̀nà. Oòrùn ń pa apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí ọkọ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń jẹrà kò lè dúró jiyàn, àwọn tó ń gbowó náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ pa nítorí ìrẹsì Éṣíà tó ń gba Kútọnu wọlé, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Mi ò ní gbè sẹ́yìn fàyàwọ́. Ìrẹsì yẹn ń ba iṣẹ́ àgbẹ̀ wa jẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin Kétu tó ń gbé iṣu wá tà ní Ìmẹ̀kọ, ọmọ ìyá kan náà tí òyìnbó fa ààlà sí láàárín, kí ni tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìrẹsì? Ìyà kan náà ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Ó ṣeé ṣe kó yàtọ̀. Láàárín Zambia àti Malawi, lábẹ́ COMESA, àjọ ọjà àpapọ̀ ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, ọlọ́jà kéékèèké ní fọ́ọ̀mù kékeré tirẹ̀ àti àkójọ ọjà tí kò ní owó bodè. Àdéhùn ọjà gbogbo Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kìíní ọdún 2021, ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe fún wa bí ti 1979 kò bá tíì dé Sẹ̀mẹ̀?

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan kọ̀wé pé kí wọ́n lẹ àkójọ ọjà tí kò ní owó bodè mọ́ ògiri ní bodè Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdíròkó, ní Yorùbá, Ègùn, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ béèrè rìsíìtì fún gbogbo owó. Èyí tí kò bá ní rìsíìtì, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀, kí ẹ kó o jọ sọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè kọ̀ fún wọn. Ẹ kọ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin ọba wa ní ìhà méjèèjì ààlà, ẹ bá wa gbé ìwé náà dé Àbújá àti Kútọnu. Ẹni tó bá sì wá tọrọ ìbò lọ́jà, ẹ gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, kó dáhùn lójú gbogbo ènìyàn.