Kọ̀ǹpútà Fún Àwọn Ọmọ Wa: Tuntun Ni Tàbí Tòkunbọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí jẹ mọ́ owó tí púpọ̀ nínú wa ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ lè ní kọ̀ǹpútà nílé. Ọ̀rọ̀ fáàrí kọ́ o. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, ọmọ tí kò bá sì fọwọ́ kàn án rí yóò jókòó níwájú rẹ̀ bí àlejò.

Ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi wá ni èyí: "Ẹnìkan ń ta i7 tòkunbọ̀, ẹlòmíràn ń ta i3 tuntun. Ṣé i7 kọ́ ni ó ju i3 lọ ni?" Ìdáhùn wa ni pé kí a má ṣe fi orúkọ oyè ra ọjà.

Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. I3, i5 àti i7 tí ilé-iṣẹ́ Intel ń kọ sí i lára dà bí oyè: ó ń sọ ipò rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sọ ọdún tí a bí i. Nọ́mbà tí ó tẹ̀lé e ni ó ń sọ ìran rẹ̀. I7-2600, ìran kejì ni. Ọdún 2011 ni ó jáde. I3-12100, ìran kejìlá ni. Ọdún 2022 ni ó jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, síbẹ̀ i3 yìí yára ju i7 yẹn lọ dáadáa. Intel kọ 95 wáàtì sí ti àtijọ́, ó kọ 60 sí ti tuntun, bí ó tilẹ̀ lè gòkè dé 89 nígbà tí iṣẹ́ bá le. Ẹni tí ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ mọ ohun tí a ń wí.

Ọ̀rọ̀ Windows tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìtọ́jú gbogbogbòò tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 parí. Ẹ̀rọ tí kò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ dà bí ilé tí ọdẹ rẹ̀ ti lọ. Windows 11 sì ń béèrè ìran kẹjọ sókè, àfi díẹ̀ nínú ìran keje. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ti àtijọ́ lè fi Linux sí i, a kì í sanwó fún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sáré ra processor tuntun láti fi sínú àpótí àtijọ́ o. Ẹ wo ojú irin wa níhìn-ín: fífẹ̀ ti àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 1,067, ti Àbújá sí Kàdúná tí a ṣí ní 2016 jẹ́ 1,435. Ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni motherboard, pátákó tí processor ń jókòó lé. Ti i7-2600 ní abẹ́rẹ́ 1155, ti i3-12100 ní 1700. RAM wọn kò bára mu pẹ̀lú: DDR3 ni ti àtijọ́, DDR4 tàbí DDR5 ni ti tuntun. Iye owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí a rò pọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó ti ní àpótí ìran kejì, tí i3 wà nínú rẹ̀, lè ra i7 tòkunbọ̀ ìran kan náà, bí pátákó rẹ̀ bá gbà á. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi SSD rọ́pò hard disk, nítorí òun ni ó sábà máa ń mú kí ẹ̀rọ wọ́ bí ìgbín. Ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kí ó wá odindi kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí i5-8400 wà nínú rẹ̀: ó ní kọ́ọ̀ mẹ́fà, ó jáde ní 2017, Windows 11 sì gbà á. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó, kí ó ra i3-12100. Kí ó má ṣe gba èyí tí lẹ́tà F wà ní ìparí nọ́mbà rẹ̀, nítorí kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Ó di dandan kí a ra káàdì àwòrán sí i.

Ẹnu dùn-ún rofọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ fi ojú ara yín ka orúkọ processor rẹ̀, nítorí bébà tí a lẹ̀ mọ́ ara àpótí lè purọ́. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sí i.

A kí àwọn ọmọ wa tí wọn yóò jókòó fún JAMB. Wọn yóò yege, orúkọ ilé wa kò sì ní bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìròyìn ìkómọ àti ìgbéyàwó wà lójú ewé kejì. Ó di oṣù tí ń bọ̀.