Ta Ni Ó Ni Orúkọ Dókítà?

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni, professeur ni àwọn ọmọ àti òbí wọn ń pè mí, bẹ́ẹ̀ licence ni ìwé mi mọ. Títí di òní, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kankan kò tíì pè mí lẹ́jọ́ pé mo jí oyè òun. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń gbọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Kalifọ́níà.

Ní ọdún 2001 ni Yunifásítì Kentucky, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dá ẹ̀kọ́ oyè dókítà sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú aláìsàn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ti tẹ̀ lé e. Kí nọ́ọ̀sì tó gba oyè yìí, yàtọ̀ sí ìwé kíkà, ó gbọ́dọ̀ ti lo 1,000 wákàtí, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ àbójútó. Ṣùgbọ́n òfin Kalifọ́níà kò jẹ́ kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ oníṣègùn fi «Dr.» ṣáájú orúkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú. Ní 2022, nọ́ọ̀sì kan tí ó gba oyè náà ní láti san owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000 dọ́là. Ní ọdún kejì, àwọn mẹ́ta mìíràn gbé ìjọba lọ sí kóòtù.

Àwọn oníṣègùn ní àwíjàre: wọ́n ní aláìsàn lè ṣì wọ́n mọ̀. Èmi kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ẹni tí ara ń ni kò lágbára láti máa wádìí, ó sì yẹ kí ó mọ ẹni tí ń gbé abẹ lé òun lára. Ní abúlé wa, ẹni yòówù tí ó bá ti wọ aṣọ funfun, dókítà ni, títí dé orí ẹni tí ń gba owó káàdì. Ṣùgbọ́n ta ni ó dá ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ Látìnì ni doctor; olùkọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní àwọn yunifásítì Yúróòpù àtijọ́, onímọ̀ ẹ̀sìn àti amòfin jẹ oyè náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn fi ń jẹ́ Doctor. Bí ó bá sì di oníṣẹ́ abẹ, a tún padà di Mister, a sì máa fi yangàn. Ẹni tí ó yá aṣọ wọ̀ wá ń lé ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ra tirẹ̀ kúrò lójú agbo!

Àwọn Faransé ti rí ojútùú rẹ̀. Láti 2013, òfin wọn gbà kí ẹni tí ó bá ní doctorat máa jẹ́ docteur níbi iṣẹ́ àti láwùjọ, bí ó bá ti dárúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí a kọ «docteur en sciences infirmières» sí àyà aṣọ, kí a sì kọ «nọ́ọ̀sì» sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà.

Àwa ará Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ ni ìjà yìí kò yẹ kí ó ká mọ́ rárá. Èdè wa ti pín in tipẹ́: oníṣègùn ni ẹni tí ń wo àrùn, ọ̀mọ̀wé ni ẹni tí ó gba oyè tí ó ga jù ní yunifásítì. Síbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì bá di ọ̀mọ̀wé tí ó sì padà sídìí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ẹ̀rù ń bà mí pé «màdáámù» lásán ni a ó máa pè é, tí a ó sì ní kí ó lọ gbé abẹ́rẹ́ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòfin ìlera ní Kùtọnu àti ní Lomé, ẹ kọ oyè rẹ̀ àti owó oṣù tí ó bá a mu sínú ìwé nísinsìnyí, kí ó tó di pé a bu owó ìtanràn lé ẹni àkọ́kọ́ lórí.