Ọba Kì Í Pa Ọ̀kọrin: Èsì fún Àwọn tí Ó Pe Ice-T ní Alágàbàgebè

Ẹ̀sùn kan wà tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa pàápàá sì ń bá wọn gbè. Wọ́n ní alágàbàgebè ni Ice-T, gbajúgbajà olórin ráàpù ará Amẹ́ríkà nì. Wọ́n ní ó kọrin tako ọlọ́pàá ní 1992, ó sì tún padà wá ń gba owó gọbọi nítorí pé ó ń ṣe bí ọlọ́pàá lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí kò kọ́ lítíréṣọ̀ ni ó ń sọ èyí, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí a máa gbọ́ ọ ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Yorùbá, èèmọ̀ wọ̀lú ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá wí. Tracy Marrow ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìlú Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni a ti bí i ní 1958. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá rẹ̀ náà fi papò dà, ni ọmọ òrukàn yìí bá di èrò ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Los Angeles. Ó ṣe iṣẹ́ ológun fún ìgbà díẹ̀. Ní 1987 ni àwo-orin ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́, Rhyme Pays, jáde. Ìgbésí ayé ọmọ ìta ni ó ń kọ lórin: olè, ìbọn, oògùn olóró, àti ìyà tí ọlọ́pàá fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ọ̀pọ̀ ohun tí ó sọ nípa obìnrin nínú àwọn orin wọ̀nyí kò ṣeé wí níwájú ọmọ ilé-ìwé, n kò sì ní gbèjà rẹ̀ lórí ìyẹn.

Orin tí ó dá gbogbo ìjà sílẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe ráàpù. “Cop Killer” ni wọ́n ń pè é, orin onígìtá aláriwo tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Body Count, kọ sínú àwo 1992. Ọdún tí ó ṣáájú ni àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ti lu Rodney King ní àlùbami, tí gbogbo ayé sì rí i. Ice-T wí i ní gbangba pé ẹ̀dá-ìtàn kan, ẹni tí ìwà ìkà ọlọ́pàá ti sú, ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà. Ta ni ó gbọ́? Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá ní Texas ní kí aráyé yé ra ọjà ilé-iṣẹ́ Time Warner. Ààrẹ George Bush àgbà àti igbákejì rẹ̀, Dan Quayle, dá sí i. Charlton Heston, òṣèré sinimá, dìde níbi ìpàdé àwọn tí ó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ka ọ̀rọ̀ inú àwo náà sókè ketekete. Ní oṣù Keje ọdún náà, Ice-T fúnra rẹ̀ yọ orin yìí kúrò nínú àwo. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kìíní 1993, òun àti ilé-iṣẹ́ Warner ti pínyà.

Ẹ̀yin ẹlẹ́sùn, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1991, ọdún kan gbáko kí orin náà tó jáde, Ice-T ti ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú fíìmù New Jack City! Ẹni tí ó ti gbé ẹ̀wù ọlọ́pàá wọ̀ nínú eré kí ó tó kọrin, báwo ni ẹ ṣe ń sọ pé ó kọrin tán kí ó tó yí ohùn padà?

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ọmọ Yorùbá ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí yóò bèèrè irú ìbéèrè yìí. Nígbà tí eégún apidán bá gbé agọ̀ ọlọ́pàá wọ̀, tí ó ń fọwọ́ gba owó ẹ̀yìn kí àwọn èrò ìwòran lè rẹ́rìn-ín, ta ni ó ń lọ bá a nílé lọ́jọ́ kejì pé kí ó wá rojọ́? Lálẹ́ ẹ̀fẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu, ṣé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni a ń gbọ́ lẹ́nu ẹ̀fẹ̀? Àwọn baba wa kò kàn sọ pé ọba kì í pa ọ̀kọrin nítorí kí ẹnu lè dùn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọrin, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí orin ń fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá sì ń fẹ́ àpẹẹrẹ tòsí, ẹ wo Olóògbé Hubert Ògúndé. Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, bí àwa náà ṣe fẹ́ jẹ́. Ó di ọlọ́pàá ní 1941. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì di ọ̀gá òṣèré tí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni ó ti wá, ìjọba náà ni ó sì fi eré bá wí. Kò sí ẹni tí ó pè é ní alágàbàgebè ní ẹ̀ka wa. Ìdánwò ni a fi ń ṣe.

Orúkọ tí ẹ̀dá-ìtàn náà ń jẹ́ tún wà níbẹ̀. Láti 2000 tí Ice-T ti wọ eré Law & Order: Special Victims Unit, Odafin Tutuola ni orúkọ ọlọ́pàá tí ó ń ṣe, ó sì lé ní 20 ọdún tí ó fi jẹ́ orúkọ náà. Orúkọ tiwa ni! Orúkọ Amos Tutùọlá ará Abẹ́òkúta, ẹni tí ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní 1952, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilé ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí àwọn ará òkèèrè ń yìn ín. Àwọn ará Amẹ́ríkà gé Odafin kù, wọ́n ń pè é ní “Fin”. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì. Bẹ́ẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ni kì í fi àmì ohùn sórí orúkọ ara wọn.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí kì í ṣe Ice-T nìkan. Láìpẹ́ ni a óò jáde lọ máa kọ́ni, a óò sì bá ọmọkùnrin kan lẹ́yìn kíláàsì tí ń fi èdè Yorùbá ṣe ráàpù, gẹ́gẹ́ bí DaGrin ṣe fi í ṣe nínú àwo C.E.O. ní 2009. Àwítúnwí, àfiwé, ọ̀rọ̀ tí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀: gbogbo ohun tí à ń fi ẹfun kọ sójú pátákó ni yóò wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣé pàṣán ni a óò mú, tàbí a óò ní kí ó wá síwájú, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà?

Mo ti bi ẹni tí ó kọ́kọ́ dá ẹ̀sùn yìí sílẹ̀ láàrin wa pé kí ó dárúkọ eégún kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ohun tí ó gbé wọ̀. Kò tíì dá mi lóhùn.